Nọ́ńbà Mélòó Ló Yẹ Kó Wà Nísàlẹ̀ Ojú Ewé?

Nígbà kan, ẹni tó bá ń wá mini flat ní Dọ́pẹmú, ọ̀dọ̀ ajẹ́ǹtì ló máa gbà lọ tààrà. Lónìí, orí fóònù ni ìwákiri ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò tẹ orúkọ àdúgbò sórí ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé. Bí owó ibẹ̀ bá ga jù ú lọ, yóò fi Akọ̀wọ́njọ, Ṣáṣá àti Ẹ̀gbẹ́dá kún un, ilé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde. Ká ní 1,200 ilé ló jáde, tí ìkànnì náà sì ń to ogún-ogún sójú ewé kan. Ọgọ́ta ojú ewé nìyẹn. Ẹni tó kọ ìkànnì náà ti ní láti pinnu ohun tí yóò wà nísàlẹ̀: ṣé gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 60 ni, àbí ìwọ̀nba díẹ̀? Bó bá sì jẹ́ díẹ̀, àwọn wo ni yóò hàn, àwọn wo ni yóò fara pamọ́?

Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú. Síbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ná owó àti ọdún lé e lórí, wọ́n ti yí ìpinnu padà, àwọn kan nínú wọn sì ti padà síbi tí wọ́n ti kúrò. Ní Èkó, níbi tó jẹ́ pé fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọ ayélujára, tí wọ́n sì ń fi owó ara wọn ra dátà níwọ̀n-níwọ̀n, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹwà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò àtàǹpàkò. Fóònù Android tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó píksẹ́lì 360, ní ìwọ̀n tí àwọn tó ń kọ ìkànnì ń lò. Ìlànà WCAG 2.2, tí àjọ W3C gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ní ohun tí èèyàn máa fọwọ́ tẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju píksẹ́lì 24 ní ìbú àti ní òró, àfi tí àyè tó pọ̀ tó bá yí i ká. Apple ní kó tó 44. Google ní 48 ni kó jẹ́ lórí Android. Ẹni tó bá fi 48 pín 360 yóò rí i pé méje péré ló lè jókòó sórí ìlà kan, tí àyè díẹ̀ yóò sì ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọgọ́ta nọ́ńbà yóò di ìlà mẹ́sàn-án, nọ́ńbà lórí nọ́ńbà. Ẹni tó fẹ́ tẹ 23 nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń fò lórí kòtò, 30 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló máa tẹ̀.

Dátà náà ńkọ́? Líǹkì kan, pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ àti àwọn àmì HTML tó yí i ká, lè tó ọgọ́rùn-ún báìtì. Ọgọ́ta irú ẹ̀ kò ju kìlóbáìtì mẹ́fà lọ, kò sẹ́ni tí ìyẹn máa dùn. Ṣùgbọ́n ìkànnì ìwé ìròyìn tó ti pẹ́ lè ní ojú ewé 2,000. Bí wọ́n bá to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó di igba kìlóbáìtì kí wọ́n tó fún un pọ̀, lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ṣí i, nítorí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀. Àwọn tó rántí ìgbà tí Opera Mini gbòde kan nítorí pé ó ń fún ojú ewé pọ̀ kí dátà má bàa tètè tán mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe awun tó bá ń ka kìlóbáìtì.

Kọ̀ńdọ́ dánfó tó dúró lábẹ́ bíríìjì Dọ́pẹmú mọ gbogbo ibùdókọ̀ tó wà láàárín ibẹ̀ àti Òṣòdì, àmọ́ kì í kà wọ́n tán. Á pe ọ̀kan tàbí méjì tó gbajúmọ̀, á pe Òṣòdì tó jẹ́ òpin ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ láàárín ló máa sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà ojú ewé tó gbọ́n ń ṣe náà nìyẹn: ó ń sọ ibi tí èèyàn wà, ibi tó kàn, àti ibi tí ọ̀nà parí sí.

Ìlànà tó gbilẹ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́ ìkànnì ti ń fi orúkọ Digg pè tipẹ́. Digg ni ìkànnì ìròyìn tí Kevin Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, tí àwọn èèyàn ti ń dìbò fún ìròyìn tó bá wù wọ́n. Ojú ewé ibẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, nítorí náà wọ́n fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ hàn, wọ́n fi ti ìkẹyìn hàn, wọ́n fi àwọn tó sún mọ́ ibi tí òǹkàwé wà hàn, wọ́n sì fi dọ́ọ̀tì mẹ́ta rọ́pò ìyókù. Bí òǹkàwé bá wà lójú ewé 23, ohun tó máa rí nísàlẹ̀ yóò jọ èyí: 1 … 22 23 24 … 60. Gbogbo ayé ló ti ń ṣe é báyìí, títí kan ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìwé ìlànà GOV.UK tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì ìjọba là á kalẹ̀ pé ojú ewé tí èèyàn wà, èyí tó ṣáájú, èyí tó tẹ̀ lé e, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ló yẹ kó hàn.

Kíkọ rẹ̀ kò le. Ọmọ tó ti lo oṣù mẹ́ta ní iléèwé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ ní ọ̀sán kan. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣì í pọ̀, a sì máa ń rí àwọn àṣìṣe náà lórí àwọn ìkànnì tí wọ́n fi owó gidi kọ́.

Èkíní ni dọ́ọ̀tì tó ń fi nǹkan kan ṣoṣo pamọ́. Ẹni tó wà lójú ewé 4 yóò rí 1 … 3 4 5 … 60. Kí ni dọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ yẹn ń bò mọ́lẹ̀? Ojú ewé 2 nìkan. Àyè tí dọ́ọ̀tì gbà kò kéré ju àyè tí 2 fúnra rẹ̀ máa gbà lọ, bẹ́ẹ̀ dọ́ọ̀tì kò ṣeé tẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á wádìí kó tó fi dọ́ọ̀tì síbẹ̀: bó bá jẹ́ nọ́ńbà kan péré ló ṣófo láàárín, nọ́ńbà yẹn ni kó kọ.

Èkejì ló ń múni bínú jù, òun sì ni kò hàn sí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ńlá dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Lójú ewé 1, ìlà náà kúrú: 1 2 … 60, ọfà tó ń lọ síwájú sì wà láàárín ojú fóònù. Lójú ewé 2 nọ́ńbà ti di mẹ́rin, ọfà ti sún. Nígbà tó bá fi máa dé ojú ewé 10, dọ́ọ̀tì ti wọlé lọ́tùn-ún àti lósì, ọfà ti lọ sí ìkángun. Àtàǹpàkò tó ti mọ́ lára láti máa tẹ ibì kan náà yóò wá tẹ nọ́ńbà tí kò ní lọ́kàn, ó lè jẹ́ 60 fúnra rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni pé kí iye ohun tó wà lórí ìlà má yí padà: bí òǹkàwé bá wà nítòsí ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi àyè tó ṣẹ́ kù lápá òsì kún apá ọ̀tún, kó di 1 2 3 4 5 … 60, kí ọfà lè dúró sójú kan. Àwọn kan a sì fi ọfà méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá, ọ̀kan ní ìkángun òsì, ọ̀kan ní ìkángun ọ̀tún, nọ́ńbà á wá máa ṣe tirẹ̀ láàárín.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ìkànnì kò tilẹ̀ ṣe ìpinnu yìí fúnra wọn. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò ló ti ṣe é fún wọn. WordPress, tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Nàìjíríà gbé ìkànnì wọn lé, ní iṣẹ́ kan nínú tí wọ́n ń pè ní paginate_links. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, á fi méjì hàn lọ́tùn-ún, méjì lósì, àti ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà lójú ewé 23 yóò rí 1 … 21 22 23 24 25 … 60, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń pè é padà àti èyí tó ń pè é síwájú. Mọ́kànlá nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ́ rẹrẹ. Lórí fóònù tó fẹ̀ tó 360, ó di ìlà méjì, àwọn kan á sì já sí ìlà kẹta. Laravel, tí Taylor Otwell gbé jáde lọ́dún 2011 tí àwọn divẹ́lọ́pà Èkó sì fẹ́ràn gan-an, lawọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: mẹ́ta-mẹ́ta ló ń fi hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àmọ́ láti ìgbà tó ti ń lo Tailwind fún ìrísí ojú ewé, bí ojú ẹ̀rọ bá ti kéré, á kó gbogbo nọ́ńbà kúrò nílẹ̀, á fi «tẹ́yìn» àti «tó kàn» nìkan sílẹ̀. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ìyẹn ti pọ̀ jù lódìkejì. Ẹni tó ní fóònù kékeré náà fẹ́ mọ ibi tí òpin wà.

BBC rí ọgbọ́n tó sàn jù dá sí i. BBC News Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2018, ń jáde láti inú ẹ̀rọ ìkànnì kan náà tí wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè mìíràn jáde, wọ́n sì ti ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti wò. Bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń fẹ̀ sí i ni iye nọ́ńbà tó ń hàn ń pọ̀ sí i. Lórí fóònù tó kéré jù, wọn kò to nọ́ńbà rárá. Wọ́n kàn sọ pé òǹkàwé wà lójú ewé báyìí nínú iye báyìí, ọfà méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbólóhùn kan ti ṣe iṣẹ́ ọgọ́ta líǹkì.

Síbẹ̀, ìdínkù náà ní gbèsè tirẹ̀. Ká ní ojú ewé 100 ló wà, tí ìkànnì sì ń fi méjì-méjì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Ẹni tó wà lójú ewé 1 tó fẹ́ dé 50 kò lè rí ju 3 lọ. Ó tẹ 3, ó rí 5. Ó tẹ 5, ó rí 7. Ìgbà mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ni yóò tẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀, bó bá sì gba ẹ̀yìn wá láti 100, kò yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín gbùngbùn àkójọ náà ti di igbó tí kò ní ọ̀nà. Àwọn kan wá ń fi nọ́ńbà tó ń fò sí i, bíi 10, 20, 50. Àwọn mìíràn fi àpótí kékeré sílẹ̀ tí èèyàn lè kọ nọ́ńbà tó bá fẹ́ sínú rẹ̀. Àpótí yẹn dára, àmọ́ ìwọ̀nba ibi tí nọ́ńbà ti ní ìtumọ̀ ló ti wúlò.

Ibo ni nọ́ńbà ti wá ní ìtumọ̀? Nairaland dáhùn ìbéèrè yẹn ju ìwé lọ.

Seun Osewa dá ìkànnì àpérò Nairaland sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2005, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ìkànnì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́ fúnra wọn tó tóbi jù. Aṣọ rẹ̀ kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà: ọ̀rọ̀ lásán, àwòrán díẹ̀, nọ́ńbà inú àkámọ́ nísàlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ṣí ẹ̀ka kan níbẹ̀, òṣèlú ni o tàbí eré bọ́ọ̀lù, máa ń rí nọ́ńbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni yóò rí i kà pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé ló wà lápapọ̀. Ìkànnì náà sọ bí òkun ṣe tóbi tó, ó sì fi etíkun nìkan hàn. Ohun tó tọ́ nìyẹn, nítorí àkójọ àwọn àkòrí ń yí lójoojúmọ́. Àkòrí tí ẹnì kan bá dá sí ní báyìí á fò padà sókè. Ohun tó wà lójú ewé 400 láàárọ̀ lè ti wà lójú ewé 1 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ló fẹ́ lọ sójú ewé 400 níbi tí kò sí ohun kan tó dúró?

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nínú àkòrí kan fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wọlé ló wà lókè, ti ìkẹyìn ló wà nísàlẹ̀, ohun tó bá sì ti bọ́ sójú ewé 7 níbẹ̀ ló máa wà. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ Nairaland fi lè sọ fún ara wọn pé kí wọ́n padà lọ wo ojú ewé 7, bí ẹni ń tọ́ka sí ìwé. Ìdí nìyí náà tí àwọn kan fi ń sáré kọ FTC, ìyẹn ni pé àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí àyè àkọ́kọ́ lójú ewé àkọ́kọ́ kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn láé. Bí wọ́n bá ké nọ́ńbà kúrú jù nínú irú àkójọ yìí, ohun tí àwọn èèyàn ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n bà jẹ́. Ohun kan tó ń dẹ́rìn-ín pani ni pé àdírẹ́sì Nairaland láti òdo ló ti ń kà, tó fi jẹ́ pé ojú ewé kejì ń jẹ́ 1 nínú àdírẹ́sì. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí àdírẹ́sì padà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ṣì í.

Wikipedia mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì pa nọ́ńbà tì pátápátá níbi tí kò bá ti wúlò. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀ka kan tó kún lórí Wikipedia Yorùbá yóò rí igba orúkọ ní tò ABD, lẹ́yìn náà ọ̀nà méjì péré: sẹ́yìn tàbí síwájú. Ìtàn àtúnṣe àyọkà náà rí bẹ́ẹ̀. Àádọ́ta ló ń jáde, èèyàn sì lè yan 20, 100, 250 tàbí 500 bó bá fẹ́. Kò sí ojú ewé 3 níbẹ̀, nítorí àtúnṣe tuntun kan ti tó láti ti gbogbo nǹkan sísàlẹ̀. Blogspot ti Google náà gba ọ̀nà yìí, àwọn tó ń ka Linda Ikeji nígbà tó ṣì wà níbẹ̀ sì mọ líǹkì tó ń gbé wọn lọ sídìí àwọn ìròyìn tó ti pẹ́ dáadáa. Òun nìkan ló wà, ó sì tó.

Ìdí mìíràn tí nọ́ńbà fi ń dín kù kò kan òǹkàwé rárá. Dátábéèsì ló kàn. Bí ìkànnì bá sọ fún dátábéèsì pé kó fún òun ní ogún ilé tó wà lójú ewé 5,000, ọ̀pọ̀ dátábéèsì yóò ka 99,980 àkọ́kọ́, yóò dà wọ́n nù, kó tó mú ogún tó kàn. Bí ojú ewé bá ṣe jìnnà tó ni ìyà sáfà ṣe ń pọ̀ tó. Kí ìkànnì tó lè kọ 60 sí ìkángun pàápàá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka gbogbo ilé tó wà, kíka yẹn sì máa ń lọ́ra lórí PostgreSQL bí tábìlì bá tóbi. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ a máa fi àmì sí ohun ìkẹyìn tí òǹkàwé rí, wọ́n á wá sọ fún dátábéèsì pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó yára gan-an, àmọ́ kò lè fò lọ sí 23, síwájú àti sẹ́yìn nìkan ló mọ̀. Laravel fi ọ̀nà yìí kún tirẹ̀ lọ́dún 2021.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, nítorí nǹkan méjì tó yàtọ̀ ni wọ́n ń pè ní ìdínkù. Fífi nọ́ńbà díẹ̀ hàn jẹ́ ọ̀kan. Dídí ọ̀nà mọ́ òǹkàwé lẹ́yìn ibì kan jẹ́ òmíràn. Elasticsearch, ẹ̀rọ ìwákiri tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ọjà fi ń ṣiṣẹ́, kì í jẹ́ kí èèyàn kọjá èsì 10,000 àfi bí wọ́n bá yí i padà. Google lè sọ pé èsì mílíọ̀nù mélòó kan ló wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rí ju ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn lọ. Lórí Jumia Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, ogójì ọjà ló ń wà lójú ewé kan. Nínú ẹ̀ka tó tóbi, nọ́ńbà ìkẹyìn máa ń jẹ́ 50 bó ti wù kí iye ọjà tí wọ́n kọ sókè pọ̀ tó. Ẹgbàá ọjà nìyẹn. BBC Yorùbá náà ń dúró ní 40 lórí àkòrí tó bá kún.

Kò sí àbùkù nínú dídí ọ̀nà. Ẹni tó bá ti wo ẹgbàá bàtà tí kò rí èyí tó wù ú, ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe ojú ewé 51. Àmọ́ òǹtajà tí bàtà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlà yẹn kò sí lọ́jà lójú ẹni tó ń fi nọ́ńbà rìn, ó sì yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì yẹ kí oníbàárà tó rí i pé ọjà pọ̀ lókè mọ̀ pé apá kan rẹ̀ ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀ máa gbé e dé.

Àwọn kan wá bi ara wọn pé kí ló dé tí nọ́ńbà fi gbọ́dọ̀ wà rárá. Lọ́dún 2006 ni Aza Raskin ṣe ojú ewé tí kì í parí, èyí tí nǹkan tuntun ń wọlé bí èèyàn ṣe ń fà á lọ. Ó ti sọ lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe. Facebook, Twitter àti Instagram gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Jiji, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2014 tó sì ra OLX ibí lọ́dún 2019, ń to ọjà bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣeré, ó dára. Fún ẹni tó ń wá nǹkan pàtó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tó wù ú láàárọ̀, kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ojú ewé kẹrin ló wà. Bó bá tẹ̀ ẹ́ wò tó sì padà sẹ́yìn, ó lè bá ara rẹ̀ lókè pátápátá. Dátà rẹ̀ sì ń lọ lórí àwòrán tí kò béèrè fún. Etsy, ọjà orí ayélujára ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dán an wò lọ́dún 2012. Àwọn tó gba ojú ewé aláìlópin ń tẹ ọjà wò ní ìwọ̀n tó kéré sí ti àwọn tó ń lo nọ́ńbà, iye ọjà tí wọ́n ń tipa ìwákiri rà sì dín kù. Wọ́n dá a padà.

Google ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èsì mẹ́wàá-mẹ́wàá ti ń jáde níbẹ̀, tí lẹ́tà o inú orúkọ ilé iṣẹ́ náà sì ń gùn nísàlẹ̀ lórí àwọn nọ́ńbà. Lọ́dún 2006, Marissa Mayer, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà, sọ níbi ìpàdé kan ní San Francisco pé àwọn tó ń lo Google ti ní èsì tó ju mẹ́wàá lọ làwọn ń fẹ́. Wọ́n fún wọn ní ọgbọ̀n. Ìwákiri láàárín àwọn tó gba ọgbọ̀n sì fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀. Ojú ewé ẹlẹ́sì mẹ́wàá ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 0.4, ti ẹlẹ́sì ọgbọ̀n ń gba 0.9. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló lé àwọn èèyàn lọ, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà tó yára ju tiwa lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Google bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí èsì máa wọlé fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà sì kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó kéde pé òun ń dá nọ́ńbà padà sórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé èsì tó ń wọlé fúnra rẹ̀ kò mú kí inú àwọn èèyàn dùn sí ìwákiri ju tàtẹ̀yìnwá lọ ní ìwọ̀n tó ṣeé tọ́ka sí. Ìpadàbọ̀ nọ́ńbà náà sì jẹ́ kí sáfà tètè dáhùn, nítorí kò tún ní láti máa gbé èsì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè wá.

Àwọn tí kò ríran ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí. Ní Cappa, Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Dọ́pẹmú, ni ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind wà. Ẹni tó ń fi etí ka ojú ewé máa ń lo ohun èlò bíi NVDA, tí àwọn afọ́jú méjì kọ ní Ọsirélíà tí kò sì gba owó, tàbí TalkBack orí Android. Ẹ̀rọ náà á máa ka líǹkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: «líǹkì, ọ̀kan, líǹkì, méjì, líǹkì, mẹ́ta», títí dé ọgọ́ta. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, dídín nọ́ńbà kù jẹ́ ìtura gidi, ju ti ẹni tó ń fojú wò ó lọ. Àmọ́ dídín nìkan kò tó. Dọ́ọ̀tì mẹ́ta kò gbọdọ̀ jẹ́ líǹkì tí kò lọ síbì kankan. Líǹkì gbọ́dọ̀ sọ pé «ojú ewé 23» dípò «23» lásán. Kóòdù náà sì ní láti sọ èyí tí òǹkàwé wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò ríran kò mọ̀ pé wọ́n kun ún ní àwọ̀ búlúù.

Ẹ̀rọ tí Google fi ń rìn káàkiri ayélujára náà jẹ́ òǹkàwé tí kò lójú. Bí ìkànnì bá fi «tó kàn» nìkan sílẹ̀, ojú ewé 60 jìnnà sí àkọ́kọ́ ní ìgbésẹ̀ 59, ó sì lè má débẹ̀ rárá. Bí nọ́ńbà ìkẹyìn bá wà níbẹ̀, ìgbésẹ̀ kan ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Google jẹ́wọ́ pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun kò ti lo àmì rel="next" àti rel="prev" tí àwọn divẹ́lọ́pà ń fi tọkàntọkàn kọ sínú ojú ewé wọn; líǹkì gidi tó ṣeé tẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Àwọn kan tún wà tó ń sọ fún Google pé ojú ewé 2 títí dé 60 jẹ́ ẹ̀dà ojú ewé 1. Wọ́n rò pé àwọn ń tún ilé ṣe, bẹ́ẹ̀ ilé 1,180 ni wọ́n ń sọ pé kó má kà.

Bí àkójọ bá wá tóbi kọjá àlà, ẹni tó bá ṣì ń ronú lórí iye nọ́ńbà tó yẹ kó hàn ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò tọ́. Ìkànnì IReV, tí àjọ elétò ìdìbò INEC fi ń gbé èsì ìbò jáde, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020, fi èyí hàn kedere. Ibùdó ìdìbò 176,846 ló wà ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí INEC fi kún wọn lọ́dún 2021. Bí wọ́n bá to ogún sójú ewé kan, ojú ewé 8,843 ni yóò jẹ́. Èkó nìkan, pẹ̀lú ibùdó 13,325 rẹ̀, yóò gba 667. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi dọ́ọ̀tì mẹ́ta tún ìyẹn ṣe. IReV kò gbìyànjú rẹ̀: ìpínlẹ̀ ni èèyàn ń kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́ọ̀dù. Wọ́ọ̀dù 245 ló wà ní Èkó, nítorí náà, bí a bá pín in dọ́gba, ibùdó bíi mẹ́rìnléláàádọ́ta ló máa kù lójú ẹni. Ìyẹn kò tilẹ̀ nílò nọ́ńbà. Ohun tí fílítà ń ṣe lórí ìkànnì ilé náà nìyẹn, bó bá jẹ́ pé àdúgbò, iye owó àti iye yàrá ló ń béèrè kó tó to ohunkóhun sílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà yìí gbà pé èèyàn mọ ibi tó ń gbé lójú ìwé, Dọ́pẹmú sì ni ibi tó burú jù láti gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ Agbótikúyọ̀/Dọ́pẹmú wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Agége. Ẹni tó ń gbé lápá Akọ̀wọ́njọ, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé Dọ́pẹmú lòun ń gbé nítorí ibẹ̀ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, lè jẹ́ pé wọ́ọ̀dù Ṣáṣá/Akọ̀wọ́njọ ní Alímọ̀ṣọ́ ni ibùdó ìdìbò rẹ̀ wà. Bó bá mú Agége, yóò ka gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ tán láìrí tirẹ̀, kò sì ní sí ojú ewé tó kàn tí yóò gbé e sọdá sí Alímọ̀ṣọ́. Àpótí tó lè kọ orúkọ òpópónà rẹ̀ sí ló máa gbà á, kí wọ́n sì gbé e sókè, níbi tí yóò ti rí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìjọba ìbílẹ̀.